Ta ni à ń kì nígbà tí a bá ń ki Madrid?

Gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá bá délẹ̀: «Ẹni tó ń borí ló mọṣẹ́, àwọn yòókù ń ṣàwáwí ni.» Àpẹẹrẹ tí wọ́n sì fi ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn lọ́dún mélòó kan yìí wá láti inú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní kí a wo Supercopa ilẹ̀ Sípéènì. Real Madrid gbà á ní 2018, wọ́n tún gbà á ní 2019, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí 2023 fi kọjá. Ọdún mẹ́fà gbáko, ife mẹ́fà. Kí ni a tún ń wá?

Mo ń wá nǹkan kan. Mo ń wá orúkọ àwọn tí a yọ kúrò nínú ìtàn náà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé Madrid mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá. Ẹgbẹ́ tó ti gba ife tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà mọ́kànlá kò nílò ẹ̀rí mi. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà kíka ife bí ẹni ń ka owó, kí a wá parí rẹ̀ sí pé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù nìkan ló ṣiṣẹ́. Àṣà yìí kò bá òtítọ́ mu, kò sì bá ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń yin ènìyàn mu. Mo sì rí i pé ó ti ń ba ojú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń wo ara wọn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ife náà jẹ́. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a, Madrid náà ló sì gbà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó dákẹ́, títí di 2004 tí ACB, àjọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso líìgì wọn, jí i dìde. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló máa ń pàdé kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó gba líìgì, ẹni tó gba Ife Ọba, ẹgbẹ́ ìlú tó gbàlejò, àti ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé tàbí ní Yúróòpù bá yẹ é. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá lónìí, àṣekágbá lọ́la, ó parí.

Ọjọ́ méjì, eré méjì, ní àsìkò tí àwọn tó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí àwọn tuntun kò tíì mọ bí ẹnìkejì wọn ṣe ń rìn. Ta ni irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣe láǹfààní? Ẹni tí ènìyàn rere pọ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ ni, tí ó lè yọ ẹni tó rẹ̀ kí ó sì fi ẹni tí kò rẹ̀ rọ́pò láìsí àdánù. Èyí kò sọ ife náà di yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi eré ọjọ́ méjì ṣe òṣùwọ̀n gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ kan ṣe, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Níbo wá ni àwọn ènìyàn orí ìjókòó náà ti ń wá? Ẹ̀ka básíkẹ́ẹ̀tì tí Madrid dá sílẹ̀ ní 1931 wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sọ di ọlọ́rọ̀. Bí ohun tí básíkẹ́ẹ̀tì ń ná bá ju ohun tó ń mú wọlé lọ, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń dí àlàfo náà. Ní 1990, ìjọba Sípéènì ṣe òfin kan tó ní kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe sọ ara wọn di ilé-iṣẹ́ alájọpín. Mẹ́rin ni òfin náà fi sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, nítorí pé ìwé owó wọn dúró ṣánṣán: Real Madrid, Barcelona, Athletic Bilbao àti Osasuna. N kò sọ pé òfin náà ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àṣekágbá mẹ́fà tí Madrid fi gba ife wọ̀nyẹn. Baskonia ni wọ́n nà ní 2018, Unicaja ní 2023. Ní ọdún mẹ́rin tó wà láàárín, Barcelona ni, Barcelona ni, Barcelona ni, Barcelona ni. Àwọn méjèèjì, àti Baskonia pẹ̀lú wọn, tún ní ìwé àṣẹ ọlọ́dún gbọọrọ ní EuroLeague: bí ipò wọn ní líìgì ilé tilẹ̀ burú, ààyè wọn ṣì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá sì fẹ́ lọ sí EuroLeague mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Bí ẹnu ọ̀nà kan náà bá ń ṣí fún ènìyàn méjì kan náà lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìtẹpá-mọ́ṣẹ́ nìkan ló gbé wọn débẹ̀.

Wọ́n á ní kí n rántí pé Baskonia gba ife yìí ní ọdún mẹ́rin léra, láti 2005 dé 2008, bẹ́ẹ̀ Vitoria ìlú wọn kò ní ju nǹkan bí 250,000 ènìyàn lọ. Mo rántí. Ta ló ń ki Vitoria nínú àwọn ọ̀dọ́ wa? Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí mo ń rò.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ báyìí, nítorí pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kí n sọ ti ọmọ títọ́, tí ẹnu kì í sábàá bà.

Ẹ wo Edy Tavares. Nǹkan bí mítà 2,20 ni gíga rẹ̀, láti 2017 tó sì ti wọ Madrid, òun ni odi tí wọ́n ń sá sẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó bá ní òun fẹ́ sún mọ́ agbọ̀n, ọwọ́ Tavares ni yóò bá níbẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ náà ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n Madrid kọ́ ló rí i. Erékùṣù Maio ni wọ́n bí i sí ní 1992, ní Cabo Verde, orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ará Jámánì kan tó rìnrìn-àjò débẹ̀ ló rí ọ̀dọ́mọkùnrin gàgàrà yìí, tó sì ta Gran Canaria lólobó. Ẹgbẹ́ erékùṣù Sípéènì tó wà ní ẹ̀bá Áfíríkà yẹn mú un lọ ní 2009. Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tó ga tó igi ọ̀pẹ, tí kò mọ bọ́ọ̀lù í mú, tí a ní láti kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bí a ṣe ń fò, bí a ṣe ń bọ̀ sílẹ̀ láìfarapa. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ La Palma fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè máa rí eré gbá. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin kọjá kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù ní ACB. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Atlanta yàn án ní Amẹ́ríkà ní 2014. Ẹ̀yìn Amẹ́ríkà ni Madrid.

Ní 2016, ọdún kan lẹ́yìn tí Tavares fi wọ́n sílẹ̀, Gran Canaria fúnra wọn gba Supercopa, wọ́n na Barcelona 79 sí 59. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Nínú ìṣirò àwọn tí mo ń bá wí, ẹyọ kan yìí kò ní láárí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́fà. Nínú ìṣirò tèmi, ẹni tó gba ẹyọ kan, tó tún tọ́ ẹni tó lọ bá ẹlòmíràn gba mẹ́fà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ẹ sì jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan: ní oṣù kẹjọ 2023, Tavares àti àwọn ará ilé rẹ̀ gbé Cabo Verde lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì na Venezuela níbẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Madrid gba ife kẹfà. Èwo nínú méjèèjì lẹ gbọ́?

Tavares kọ́ ló dùn mí jù. Estudiantes ni. Bóyá nítorí pé olùkọ́ ni mí. Ní 1948 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Ramiro de Maeztu ní ìlú Madrid dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò ju «Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́» lọ. Ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, bí irú èyí tí ẹ̀ ń gbá lórí pápá tiyín. Láti ibẹ̀ ni Felipe Reyes ti jáde, tó lọ sí Real Madrid ní 2004, tó sì lo ọdún mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Sergio Rodríguez ti jáde. Ẹ ṣí ìwé ìtàn Supercopa, ní 2012, 2013 àti 2014 tí Madrid gbà á léra, ẹ óò bá àwọn méjèèjì níbẹ̀ pẹ̀lú Sergio Llull tí Manresa tọ́ àti Rudy Fernández tí Joventut ti Badalona tọ́. Ní 2021, ọdún tí Reyes fi eré sílẹ̀, Estudiantes já kúrò ní ACB lọ sí ìpele kejì. Ilé ẹ̀kọ́ tó tọ́ ọmọ ti já sílẹ̀. Ilé tó gba ọmọ ń ka ife. Ẹ tún máa sọ fún mi pé ẹni tó ń borí nìkan ló mọṣẹ́?

Ohun tí àwọn oníròyìn Faransé ń pè ní palmarès kì í ṣe oríkì. Ìwé ìṣirò ni. Kí a má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn, àwa tí a ní oríkì. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ènìyàn kó jọ. «Ọmọ» ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí ẹnu. Ọmọ ta ni? Ọmọ ìlú wo? Ìyá wo ló gbé e pọ̀n, baba-ńlá wo ló tẹ ibẹ̀ dó? Ẹni tí à ń kì kò dá dúró. Òkú àti alààyè ló yí i ká, bí orí rẹ̀ bá sì wú, tiwọn náà ń wú. Ẹni tó bá ń ki Tavares láìdárúkọ Maio àti Gran Canaria, tó ń ki Reyes láìdárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde, ọmọ òrukàn ló ń pe ọmọ ọlọ́mọ.

Mo gbọ́ èsì yín: Madrid náà ń tọ́ ọmọ. Òótọ́ ni. Luka Dončić dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó sì bá àwọn àgbà wọn gbá bọ́ọ̀lù ní 2015 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Usman Garuba, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ tí wọ́n sì bí i sí Madrid, ọ̀dọ̀ wọn ló dàgbà sí. Eli Ndiaye ọmọ Dakar náà bẹ́ẹ̀. Mo yìn wọ́n fún èyí, ì bá sì wù mí kí ẹ yìn wọ́n fún èyí ju fún ife lọ. Síbẹ̀, Ljubljana ti fi bọ́ọ̀lù lé Dončić lọ́wọ́ kí Madrid tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan sì wà tí n kò lè gbé mì: ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n mú kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí kò sì di Dončić, inú ìwé ta ni wọ́n ń kọ tirẹ̀ sí?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni mo ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé ife nìkan ni ìtàn kì í fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́. «Kí la fẹ́ fi dà?» ni yóò sọ. Yóò jókòó síwájú tẹlifísọ̀n, yóò wọ aṣọ funfun, yóò máa sọ pé «a borí» nípa ìlú tí kò dé rí, nígbà tí pápá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń hu koríko. Bẹ́ẹ̀ irú pápá yẹn gan-an ni Reyes ti jáde. Mo fẹ́ kí àwọn alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa mú èyí lọ sí ìpàdé wọn: bí a bá lè rówó ṣe àjọ̀dún, a lè rówó ra bọ́ọ̀lù mélòó kan àti okùn agbọ̀n. Kí a sì máa kọ orúkọ àwọn tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ wa sínú ìwé ìròyìn yìí, ní Yorùbá àti ní Faransé, wọn ì báà borí, wọn ì báà má borí.

Ní 2024, ní Murcia, Unicaja ti Málaga na Madrid 90 sí 80, wọ́n sì gba Supercopa lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti na Barcelona, wọ́n na Madrid, wọ́n na Tenerife, kí wọ́n tó gba Ife Ọba. Àwọn kan yára ní Unicaja náà ń fi owó ra àwọn ará Amẹ́ríkà, pé wọn kì í ṣe òtòṣì. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn kì í ṣe òtòṣì. Ṣùgbọ́n Ibon Navarro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, pín eré náà fún gbogbo ìjókòó, kò gbé e lé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lórí, Alberto Díaz tó sì ń lé àwọn agbábọ́ọ̀lù Madrid kiri lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Málaga ni wọ́n bí i sí, Málaga ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Wọn kò ní láti bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ léèrè pé ọmọ ta ni.