Lẹ́tà K inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀



Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, bàbá kan nínú kíláàsì wa mú ìwé kan dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wò. Ìkọlù ọkàn mú ìyá náà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú: iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ló dí, apá kan ọkàn sì bàjẹ́. Bàbá fi ìka lé lẹ́tà kan, ó ní: "Olùkọ́, K rèé. Mo mọ̀ ọ́n. Kí ni ó wá ṣe níbí?" Wọ́n kọ 3,1 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Inú mi dùn pé ó mọ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n mo ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan kí n tó lè dá a lóhùn.

K ni àmì pọ̀tásíọ̀mù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mú lẹ́tà náà jáde ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá, ó sì jẹ mọ́ eérú ewéko. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ọṣẹ dúdú mọ eérú náà: eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ìdì ọ̀pẹ tí a ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀. Omi tí ẹ ń sẹ́ láti inú rẹ̀ kún fún pọ̀tásíọ̀mù. Ní Pobẹ̀, níbi tí ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, wọ́n mọ̀ pé ọ̀pẹ tí kò rí i tó kì í so dáadáa.

Ara ènìyàn náà ń fẹ́ ẹ. Òun wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé. Bí ó bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn lè máa lù ségesège. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkàn lè dákẹ́ lójijì. Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń retí lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni 3,5 sí 5. Ọkàn tí ìkọlù ti ṣe léṣe kò lè fara da àṣìṣe púpọ̀.

Kí bàbá tó délé, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́. Ẹnì kan ní kí ìyá máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òmíràn ní kí ó máa mu àgbo tí ń fọ inú nìṣó. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àgbo tí ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ń kó pọ̀tásíọ̀mù jáde lára. Oògùn ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní furosemide ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Captopril, ramipril àti spironolactone ní tiwọn máa ń dá a dúró sínú ara, àgàgà bí kíndìnrín kò bá lágbára mọ́. Àwọn aláìsàn ọkàn méjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ran ọ̀kan lọ́wọ́ jẹ́ ewu fún èkejì.

Àwọn dókítà pàápàá ti yí èrò padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kí K ẹni tí ìkọlù ọkàn mú wà láàárín 4 sí 5. Ní 2012, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ohun tí wọ́n rí jáde, lẹ́yìn tí wọ́n wo ìwé àwọn aláìsàn 38 689 ní ilé ìwòsàn 67. Nínú ọgọ́rùn-ún tí K wọn wà láàárín 3,5 sí 4,5, bíi márùn-ún ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí tiwọn wà láàárín 4,5 sí 5, bíi mẹ́wàá ni. Èyí kò fi hàn pé pọ̀tásíọ̀mù nìkan ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè dìde lórí àfikún tí wọ́n ń ṣe láìronú. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, ní Denmark, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbìyànjú láti gbé K àwọn kan sókè sí àárín 4,5 sí 5. Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí àyà wọn láti ṣọ́ ìlù ọkàn. Ó ṣe wọ́n láǹfààní, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra.

Nítorí náà, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ owó òfò. Owó tí à ń ná sórí àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ní aláìsàn ọkàn nílé, ẹ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, K rẹ̀ jẹ́ mélòó? Ìgbà wo la ó tún wò ó?" Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ lọ, títí kan ìgò àgbo. Ẹ má tijú. Bí ó bá ń bì tàbí tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó lọ. Wọ́n rí i pé ìyá ń lo oògùn ìtọ̀, ó sì tún ń mu àgbo náà. Dókítà dá àgbo dúró, ó fún un ní oògùn kan, ó sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò mìíràn. Nígbà tí ìwé kejì dé, bàbá kò kọ́kọ́ gbé e fún mi. Ó dìde láàárín kíláàsì, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà, ó sì kà á sókè: K, 3,9.