Ta Ló Wa Ọkọ̀ Náà? Kámẹ́rà Ojú Pópó àti Àmì Ẹ̀ṣẹ̀ Lórí Ìwé Àṣẹ Ìwakọ̀

Ẹni tó bá dúró ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, tó sì gbójú sókè wo Mápó, lè rò pé ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tó ń mú eléré kò kan òun rárá. Ọkọ̀ Micra tò tẹ̀lé ara wọn, ọlọ́kadà ń wá àlàfo gbà kọjá, àwọn ọlọ́jà sì ti gba apá kan títì. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, ta ni yóò ráyè sá eré? Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wa, àti àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n jẹ́ ará ìjọ, ni wọ́n ń gba òpópónà Ìbàdàn sí Èkó lọ, tí wọ́n sì ń wọ Èkó. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù kẹta ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà mú àwọn tó ń sá eré àsápajúdé ní Alápẹ́rẹ́ àti ní òpópónà Nurudeen Olówópòpó, ìbéèrè kan wọ inú ilé wa: bí kámẹ́rà bá ya àwòrán ọkọ̀, ta ni ìyà tọ́ sí?

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá bí wọn yóò ṣe kó awakọ̀ níjàánu ní agbègbè wa. Ní ọdún 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ifẹ̀ àti Òṣogbo ṣì wà nínú rẹ̀, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, Ṣóyínká kan náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Àjọ yìí, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Road Safety, ti to ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ìtanràn àti àmì tí wọn yóò kọ sí awakọ̀ lọ́rùn. Eré àsápajúdé jẹ́ 3,000 náírà àti àmì 3. Lílo fóònù nígbà tí ènìyàn ń wakọ̀ jẹ́ àmì 4. Kíkó èrò tàbí ẹrù ju bó ti yẹ lọ sì jẹ́ àmì 10. Bí àmì ènìyàn bá wà láàárín 10 sí 14, wọn yóò kìlọ̀ fún un. Láàárín 15 sí 20, wọn yóò fi òfin de ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti 21 lọ sókè, wọn yóò gbà á pátápátá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: eré àsápajúdé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ti tó láti dá awakọ̀ jókòó sílé.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ètò yìí. Olówó lè san 3,000 náírà lójoojúmọ́ kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n bí àmì bá ti ń pọ̀ sí i, òun náà yóò bọ́ sílẹ̀ wọ Micra bí àwa yòókù. Síbẹ̀, ǹjẹ́ ẹ ti bá ẹnì kan pàdé ní ìgboro Ìbàdàn tí ó sọ pé àmì òun ti pé 21? Àwa kò tíì pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ló fa èyí? Ní èrò tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọkọ̀ ni kámẹ́rà ń dá mọ̀, awakọ̀ sì ni àmì ẹ̀ṣẹ̀ wà fún. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ni ọkọ̀. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹnì kan náà. Opó kan lè fi owó àjẹmọ́nú ọkọ rẹ̀ ra Micra, kí ó gbé e fún ọmọkùnrin kan ní Bẹ́yẹrúnká tí yóò máa san iye kan fún un lójoojúmọ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin yẹn a gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi pa owó díẹ̀ kún un. Bí ọ̀rẹ́ yìí bá sáré kọjá níwájú kámẹ́rà, opó ni ìwé ìtanràn yóò tọ̀ wá. Nígbà mìíràn pàápàá, kò ní tọ opó náà wá, nítorí pé kò yí orúkọ padà lórí ìwé ọkọ̀ nígbà tó rà á. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni yóò rí ẹ̀sùn lórí eré tí kò sá.

Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lójú ọ̀nà lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wò, kí ó sì kọ àmì sí orúkọ ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kámẹ́rà kì í gba ẹ̀gúnjẹ, kì í sì í bẹ̀rù ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gá. Àṣìṣe tirẹ̀ ni pé kò mọ ojú ènìyàn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń lo kámẹ́rà yìí láti ọdún 1992, rí ìṣòro kan náà, wọ́n sì gbé e ka orí ẹni tó ni ọkọ̀. Láàárín ọjọ́ 14 ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; òun náà ní ọjọ́ 28 láti kọ orúkọ ẹni tó wakọ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò dárúkọ, ilé ẹjọ́ lè kọ àmì 6 sí òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn, iye tó pọ̀ ju 3 tí wọ́n sábà ń kọ fún eré náà lọ. Bí àmì bá sì pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta, wọn a máa gba àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdẹwò wà. Fiona Onasanya, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ agbẹjọ́rò àti aṣòfin fún ìlú Peterborough. Ní oṣù keje ọdún 2017, kámẹ́rà ya ọkọ̀ rẹ̀ ní ìletò Thorney, ní eré máìlì 41 níbi tí 30 jẹ́ òpin. Orúkọ ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù, ọkùnrin náà sì wà ní ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Arábìnrin yìí ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta ní oṣù kìíní ọdún 2019. Wọ́n rán arákùnrin rẹ̀, tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀bi tirẹ̀, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́wàá. Kí ọdún náà tó parí, ipò aṣòfin ti bọ́, iṣẹ́ agbẹjọ́rò náà sì ti lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́wọ́ rẹ̀, àmì díẹ̀ àti owó ìtanràn ni ì bá jẹ́.

A kò mú ìtàn yìí wá láti fi arábìnrin náà ṣẹ̀sín. A mú un wá nítorí pé bí irú òfin yẹn bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ti mọ ohun tí àwọn kan nínú wa yóò ṣe. Ọmọ ìyá yóò gba àmì fún ọmọ ìyá. Ọ̀gá yóò ní kí dẹ́rẹ́bà òun fọwọ́ sí i, nítorí pé iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ó pe èyí ní ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rí èké ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ pẹ̀lú. Bọ́ọ̀sì tó ń kó ẹgbẹ́ akọrin lọ sí ìpàgọ́ lójú ọ̀nà Èkó, orúkọ ta ló wà lórí ìwé rẹ̀? Ó lè jẹ́ ti alàgbà tó fi ta ìjọ lọ́rẹ, tó sì ti dolóògbé. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń wà á, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Kí ìwé ẹ̀sùn kankan tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí orúkọ padà, kí wọ́n sì fi ìwé kan sínú bọ́ọ̀sì náà, tí ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yóò máa kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sí.