Afárá Róòmù àti Ilé Kúdẹtì

Ní ìlú Róòmù, láàrin odò Tiber, afárá kan wà tí kò so ìhà kan mọ́ èkejì mọ́. Ponte Rotto ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Afárá Fífọ́. Ní ọdún 179 ṣáájú ìbí Kristi ni a mọ òpó rẹ̀. Ìkún omi ọdún 1598 wó ìlàjì rẹ̀ lọ, a kò sì tún un mọ mọ́. Ní 1887, nígbà tí wọ́n ń mọ afárá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wó nínú èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ojú kan ṣoṣo sí, tí ó tẹ̀ bí ọrun, kí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la lè rí iṣẹ́ baba wọn.

Ìbàdàn náà, bíi Róòmù, ìlú jagunjagun ni. Ní 1858 ni Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí i ká. Lónìí, ilé àti ọ̀nà ti bo odi náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ń gba orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Kì í ṣe omi ni ó wó o, kì í ṣe ọ̀tá. Àwa fúnra wa ni.

Ǹjẹ́ kí ni a ó dá sí? Ilé kan wà ní Kúdẹtì, ti David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1853. Òun ni a ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn lè wí pé ilé àlejò ni, kí ni ó kàn wá? Àwa dáhùn pé Olóyè Olúńlóyọ̀, ọmọ Ìbàdàn, ni ó fi àwọn ọmọ tirẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé àwọn àlejò náà lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé. Ìwé tí a ń kà lónìí, ọ̀nà Kúdẹtì ni ó gbà wọ ìlú wa.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé: ẹ jẹ́ kí a pààlà yí ilé Kúdẹtì ká, kí a yan alábòójútó fún un, kí a máa tún òrùlé rẹ̀ ṣe kí òjò tó dé, kí a sì kọ orúkọ àti ọdún sí ara ògiri rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a wá ibi tí odi Ìbíkúnlé kù sí, kí a fi àmì sí i. A kò wí pé kí a má kọ́ tuntun. Róòmù kọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ó dá ojú kan sí.