Ẹni tí ó Gun Ẹṣin, Ilẹ̀ ni ó ń Bọ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtìjú àwọn Awakọ̀ Òfuurufú

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn baba wa mọ ọkọ̀ òfuurufú ni, bóyá òun ni wọn ìbá fi pa òwe náà. Nítorí kò sí awakọ̀ òfuurufú kan, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, tí yóò sùn sí òkè. Ibi ìbàlẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀gá, ibẹ̀ kan náà ni ojú sì ti ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìtìjú náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. A óò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀rín nìkan. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí: kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ẹni tí ó ṣe àṣìṣe, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò, dókítà, agbẹjọ́rò àti òṣèré ni ó ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré fún ìgbádùn ara wọn, tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni í máa ká ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́ bí ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá wà lókè, kí afẹ́fẹ́ má baà dí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń bọ̀ nílẹ̀, awakọ̀ ní láti rántí na ẹsẹ̀ náà jáde. Bí ó bá gbàgbé, ikùn ni ọkọ̀ yóò fi wọ́ nílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ yóò sì ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí yóò ṣe awakọ̀ náà ju pé owó ńlá yóò jáde lápò rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wá wòran.

Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ní àwàdà kan. Wọ́n ní awakọ̀ kan ń bọ̀ wá bàlẹ̀ láìna ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń ṣọ́ pápá ń pariwo fún un pé, “Na ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ!” Òun náà dáhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, n kò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí. Agogo kan ni ó ń dún kíkankíkan ní etí mi nínú ọkọ̀ níhìn-ín.” Agogo náà ni ó ń kìlọ̀ fún un pé kò ì tí ì na ẹsẹ̀. Wọ́n tún máa ń wí pé oríṣi awakọ̀ méjì ni ó wà: ẹni tí ó ti gbàgbé ẹsẹ̀ rí, àti ẹni tí yóò gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe òmùgọ̀ nìkan ni í ṣe àṣìṣe.

Ẹni tí a lè pè ní baba gbogbo wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Douglas Corrigan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mẹkáníìkì tí ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí Charles Lindbergh nìkan fi la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní ọdún 1927. Corrigan pẹ̀lú bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kí òun fò lọ sí ilẹ̀ Ireland, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ ògbólógbòó rẹ̀ kò yẹ fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1938, ó gbéra ní pápá Floyd Bennett ní New York, ó ní California, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni òun ń padà sí. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó forí lé. Lẹ́yìn wákàtí 28 àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ó bàlẹ̀ sí Baldonnel, lẹ́bàá Dublin, ní ilẹ̀ Ireland gan-an! Ó ní ìkùukùu ni ó bo ojú òun, àti pé òdìkejì abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ni òun ṣèèṣì tẹ̀lé. Ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọjọ́ 14 péré. Ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀ padà, nígbà tí ó sì fi gúnlẹ̀ ní New York, ìyà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èrò tú jáde láti pàdé rẹ̀ bí ọba. Títí ó fi kú ní ọdún 1995, kò yí ohùn padà.

A rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀rín náà bò mọ́lẹ̀. Lórí agbami òkun, epo ń jò sí abẹ́ ẹsẹ̀ Corrigan, ó sì ní láti fi irin mẹkáníìkì lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ kí epo náà má baà dé ibi tí èéfín gbígbóná ti ń jáde, kí ó sì gbiná. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí, ṣùgbọ́n “mo ṣìnà” ni ayé gbọ́, ayé sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Ọ̀gbẹ́ni Harrison Ford, òṣèré sinimá tí ó lókìkí, wé e. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2017, òun nìkan ni ó wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wá sí pápá John Wayne ní California. Dípò ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ tí a fún un, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, èyí tí ọkọ̀ fi ń yí lọ yí bọ̀ nílẹ̀, ni ó bà sí, lẹ́yìn tí ó ti fò kọjá lórí ọkọ̀ ńlá kan tí ó kó èrò 110. Ọ̀gbẹ́ni Ford kò sá. Ó tẹ àwọn tí ń darí ọkọ̀ láago, ó pe ara rẹ̀ ní òmùgọ̀, ó sì sọ ohun tí ó fa ọkàn rẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ wádìí, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ìyànjú, wọn kò sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé: “Ṣé kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ olówó ni?” Ẹlòmíràn yóò rán wa létí pé ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan náà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ó sì wa ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà ìbàlẹ̀ kọjá ní pápá Hawthorne nígbà tí a ní kí ó dúró. Ìbéèrè méjèèjì tọ́. Ìjẹ́wọ́ kì í ṣe oògùn tí í sọ ènìyàn di aláìlèṣìṣe. Nígbà kejì náà, ẹ̀kọ́ ni wọ́n rán an lọ kọ́. Ṣùgbọ́n ti olówó tàbí tálákà, òfin wà tí ó dáàbò bo ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ni a sì fi rà á.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1974, ọkọ̀ òfuurufú TWA 514 ń lọ bàlẹ̀ sí pápá Dulles, lẹ́bàá Washington. Awakọ̀ rẹ̀ ṣi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń darí rẹ̀ mú, ó rò pé òun lè máa sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ sì forí sọ òkè Mount Weather ní Virginia. Ènìyàn 92 ni ó wà nínú rẹ̀; kò ku ẹyọ kan. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu òkè kan náà. Ilé-iṣẹ́ náà kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan tí ìkìlọ̀ náà lè fi dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ètò ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1976. Àjọ NASA, tí ó rán ènìyàn lọ sí òṣùpá, ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, kì í ṣe àjọ tí í fìyà jẹ awakọ̀, nítorí ẹni tí ó mú pàṣán lọ́wọ́ kò ṣeé jẹ́wọ́ fún. Awakọ̀ tí ó bá kọ̀wé sí wọn láàárín ọjọ́ 10, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí àṣìṣe náà kò bá jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, tí kì í ṣe ọ̀ràn, tí kò sì di jàǹbá, a lè dá ìyà rẹ̀ sí. Wọn a sì máa tẹ ìjẹ́wọ́ wọ̀nyí jáde ní oṣooṣù kí gbogbo awakọ̀ kà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1982.

Èrò tiwa ni pé ọgbọ́n ni èyí, kì í ṣe ìkẹ́ra. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, kí ó jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá na ẹni tí ó jẹ́wọ́ bí a ti ń na ẹni tí ó purọ́, láìpẹ́, òpùrọ́ nìkan ni yóò kù. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí dáadáa. Bí a bá ta ayédèrú ọjà fún ènìyàn, tí ó lọ sílé, tí ó pa ẹnu mọ́ kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ni yóò ra èyí tí ó kù lọ́la. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, tí ó fi ewé bo ojú kòtò nítorí ìtìjú, ẹni ẹ̀yìn yóò jìn sí i.