Ẹ Tú U, Kí Ẹ Tún Un Hun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíróṣéè jù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin ahunṣọ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ohun tí à ń rí ni pé bí iṣẹ́ bá wọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò ní tú u. Yóò ní, "Bó ṣe rí náà nìyẹn, oníbàárà ò ní mọ̀." Oníbàárà á mọ̀ o! Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ tí kò bá gún, títú ló yẹ kí a tú u, kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe òfò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Orí àgbàlagbà máa ń tó bí ínṣì 22 yíká. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí hun fìlà wálẹ̀, àtàrí rẹ̀ kò yẹ kó ju bí ínṣì 7 lọ, bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì. Bí ẹ bá jẹ́ kó di 8, ẹ má rò pé ínṣì kan péré lẹ fi lé e: ẹnu fìlà yóò ti di ínṣì 25, yóò sì bo ojú ẹni tó dé e. Bákan náà ni ṣọ́ọ̀lù ọmọ. Ẹni tó fi ojú 100 bẹ̀rẹ̀, tó ń gbàgbé ojú ìkẹyìn ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ojú 80 ló máa kù ú kù nígbà tó bá hun ìlà 20. Ṣọ́ọ̀lù yóò wá fẹ̀ nísàlẹ̀, yóò tín-ín-rín lókè bí òrùlé ilé. Irú àṣìṣe báyìí kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ẹ ṣe ń hun lọ ni yóò máa pọ̀ sí i.

Oore tí oníkíróṣéè ní ni pé ojú kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu píìnì. Ẹ yọ píìnì, ẹ fa òwú, yóò máa tú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹ ó fi dé ibi tó ti bàjẹ́. Aránṣọ kò ní irú oore yìí: bí àlùmọ́gàjí bá ti gé aṣọ kúrú, ó kúrú náà nìyẹn. Ahunṣọ òkè lè yọ díẹ̀ nínú òwú tó fi dábùú nígbà tí aṣọ ṣì wà lórí òfì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n rán an pọ̀ di ìró, ta ni yóò tún un tú?

Òwú tí a tú máa ń lọ́ kólokòlo. Ẹ wé e mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ so ó níbi mẹ́rin kó má baà dì pọ̀, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má fún un o, kí ẹ fi kọ́ sábẹ́ ìbòòji. Yóò nà. Òwú onírun nìkan ló ṣòro, nítorí irun rẹ̀ máa ń dì mọ́ra. Ẹ fi sùúrù tú ìyẹn, ẹ má fà á tagbáratagbára.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹ̀yin akọ̀wé, Sátidé ni ìnáwó, owó ẹ̀yáwó sì ti tó san, ibo ni àyè títú wà?" Òótọ́ ni. Àkókò ni títú ń jẹ, àkókò sì lówó. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tó tú ìlà márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ kan ló pàdánù. Ẹni tó gbé fìlà burúkú lọ sí ọjà Odò Orí, tí oníbàárà dá a padà, ó pàdánù owó, ó pàdánù oníbàárà, ó sì ba orúkọ gbogbo wa jẹ́. Owó tí a yá yín fi ra òwú, owó àjọ ni. Bí ọjà kò bá tà, ẹlòmíràn tó ń retí ẹ̀yáwó ni yóò jókòó.

Àwọn ènìyàn 28 tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àjùmọ̀ní ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, kì í ṣe olówó. Ahunṣọ wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mìíràn ń fi nǹkan lú oúnjẹ tí wọ́n ń tà, tiwọn mọ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì pé. Ohun tó mú orúkọ wọn dúró nìyẹn, àpẹẹrẹ wọn sì ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń tẹ̀lé títí dòní.

Àbá tiwa nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe hun ju ìlà márùn-ún lọ láìwọ̀n ọ́n. Kí olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fi téèpù wọn iṣẹ́ kó tó wọ inú ẹrù ẹgbẹ́. Èyí tí kò bá gún, kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, kí a má sì fi ẹni tó tú iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ má bá ọmọ jà nítorí pé ó tú. Ọmọ tó rí ibi tí òun ti ṣì í, tó sì tú u, ó ti ń di ọ̀gá nìyẹn. A óò gbé àbá yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Kí ẹni tó bá ní èrò mìíràn wá sọ ọ́ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wẹ̀yìn wò kí ẹ tó hun ìlà tó kàn. Ire o.