Kí Àlejò Kọ́ Èèwọ̀ Ilé

Ẹ̀yin olóyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀làjú òde òní tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá láìfèsì. Wọ́n ní ohunkóhun tí ẹni tí ó ṣe é bá ti kọ̀ sílẹ̀, òkú ni, ààtàn sì ni ibi rẹ̀. Àwa wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí tí a ó pè kì í ṣe ará ilé wa. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni, àwọn tí wọ́n di kọ̀ǹpútà kan mú títí di òní, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amiga.

Ní oṣù Keje ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ Commodore fi Amiga han aráyé ní New York. Motorola 68000 ni ọpọlọ rẹ̀, ìrántí rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 256 lọ. Síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, gbèsè bo Commodore mọ́lẹ̀, ó sì kógbá sílé. Àkókò náà gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn ará ìlú. Amiga di ọmọ òrukàn ní ọjọ́ tí ọjà ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná.

Púpọ̀ nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ kọ fún Unix. Amiga kì í ṣe Unix, èèwọ̀ ilé wọn kò sì dọ́gba. Nínú Unix, ètò kan lè pín ara rẹ̀ sí méjì, bàbá àti ọmọ, kí olúkúlùkù ní iyàrá tirẹ̀. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní fork. Nínú Amiga, gbogbo ètò ni ó ń gbé gbọ̀ngàn kan láìsí ògiri láàrin wọn, nítorí náà irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe ní tòótọ́. Unix a máa fi àyè iṣẹ́ kún àyè fún ètò bí ó ti ń fẹ́. Amiga a máa bu báìtì 4,096 péré fún ẹni tí kò bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹrù rẹ̀ bá sì kún àkúnwọ́sílẹ̀, orí ẹrù aládùúgbò ni yóò dà sí, ẹ̀rọ yóò sì dákú. Nínú Unix, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń ti ìwé àti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú Amiga, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, CloseSocket. Kódà, ọjọ́ tí wọ́n ti ń ka àkókò yàtọ̀: Unix bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, Amiga bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan náà ní ọdún 1978. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìṣẹ́jú-àáyá 252,460,800 tí ó wà láàrin méjèèjì yóò ṣi ọjọ́ orí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí gbà yanjú ọ̀ràn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà wa wà. Èkínní ni ixemul.library, tí ó sín Unix jẹ nínú Amiga. Fred Fish, ẹni tí ó ti pín ètò ọ̀fẹ́ fún àwọn onámiga fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi í ṣe ìpìlẹ̀ àkójọ Geek Gadgets. A kò ní ṣàìdúpẹ́ lọ́wọ́ wọn: ọ̀nà náà yá, irinṣẹ́ púpọ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀, ó dà bí ọba tí ó kó kúrò ní ààfin nítorí àlejò. Ètò náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìkíni ilé. Onílé ni ó ń kọ́ àṣà àlejò.

Ọ̀nà kejì nira, òun ni a sì gbà. Kí a wá oríkèé ibi tí ètò ti fara kan ilé, kí a tún un ṣe níbẹ̀, kí a má fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀. Ẹ wo AmiSSL. OpenSSL tí a kọ fún ẹlòmíràn ni wọ́n sọ di ohun àjùmọ̀lò ti Amiga, tí ọ̀pọ̀ ètò lè lò pọ̀. Láìsí irú rẹ̀, púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì ni ì bá tì mọ́ wọn, nítorí ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni a kọ àṣírí-ọ̀rọ̀ àtijọ́, TLS 1.0 àti 1.1, sílẹ̀ pátápátá.

Àwọn alátakò yóò wí pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú àpò ń ṣe gbogbo èyí kí a tó ṣẹ́jú. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ ni pé àwọn Amiga àkọ́kọ́ kò lè gbé AmiSSL, nítorí ó ń béèrè ọpọlọ 68020 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé eré sísá ni à ń dù? Ẹni tí ó mọ oríkèé ohun tí ó ń lò ni olówó rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ju kí ó rà á lọ, ayálégbé ni, ọjọ́ tí onílé bá sì bínú ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ọ̀ràn náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́tà tí Amiga mọ̀ láti ilé rẹ̀ wá gba àmì àwọn Faransé àti Jámánì, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà àwọn ará Róòmù ti rí nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn baba wa, Crowther nínú wọn, kò kọ lẹ́tà náà, wọn kò sì gé èdè kúrú láti bá a mu; wọ́n fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó sì fi ìlànà múlẹ̀. Títí di òní, Unicode fún ẹ ní ibùgbé kan, ṣùgbọ́n ẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ àpapọ̀ méjì. Ètò tí kò mọ ìpapọ̀ yìí yóò tú àmì wa ká. Ta ni yóò tún un ṣe bí kò ṣe ẹni tí ó dùn?

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò ṣòro lóye. Ẹni tí ó bá tún ètò ṣe, kí ó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn ní gbangba, kí iṣẹ́ náà má bàa bá a wọ sàréè. Kí ó sì dá àtúnṣe padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àti ẹ̀yin olóyè, nígbà tí ẹ bá rí ọmọ tí ó tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀ tí ó ń wo inú rẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní aláìníṣẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí.