Òrùka Méjì Ọwọ́ John Mackey

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, John Mackey ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àgbà ti dé sí i, tí iyè rẹ̀ sì ti ń ra, òun àti ìyàwó rẹ̀, Sylvia, fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ ní kí ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó kọjá níbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èrò wò. Òrùka méjì ni. Wọ́n fún un ní ọ̀kan nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n fún un ní èkejì nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà. Mackey kọ̀, kò bọ́ ọ. Ó yẹ̀ fún wọn, ó sì gbá eré mọ́ ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà, bí ẹni tó ṣì wà lórí pápá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lé e bá, wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀. Àgbàlagbà olóríkunkun ni wọ́n rò pé àwọn mú.

Bọ́ọ̀lù tí Mackey gbá kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ gbá ládùúgbò. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣóńṣó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́ sáré, ẹni tó bá sì gbé e dání, kí alátakò bì í lulẹ̀ ni òfin eré wí. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níhà kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn, iṣẹ́ àwọn kan kò ju pé kí wọ́n fi ara dí ọ̀nà mọ́ alátakò. Iṣẹ́ àwọn mìíràn ni pé kí wọ́n sáré jáde lọ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè. Ẹni tí wọ́n ń pè ní tight end, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n dì lé e lórí. Ìparí ìlà àwọn alágbára ni ó máa ń dúró sí. Nígbà mìíràn, orí àti èjìká ni yóò fi pàdé ẹni tó sanra jù ú lọ; nígbà mìíràn, òun ni yóò yọ́ jáde láàrin èrò láti lọ gba bọ́ọ̀lù. Kí Mackey tó dé, ọ̀nà dídí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ni kà sí ojúlówó iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù híhán dà bí èènì.

Ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọ pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni. Ó lọ sí Yunifásítì Syracuse, níbi tí òun àti Ernie Davis ti jọ gbé yàrá kan náà. Davis yìí ni èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Heisman, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. 1961 ló gbà á. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, láìtíì gbá bọ́ọ̀lù olówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún náà gan-an ni Mackey bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Colts ti ìlú Baltimore, tí Don Shula jẹ́ olùkọ́ni wọn. Nọ́ńbà 88 ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Kí ẹ di nọ́ńbà yìí mú.

Ó ga, ó sì ki, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti àwọn tí kò ní iṣẹ́ méjì ju eré sísá lọ. Bí Johnny Unitas bá ti ju bọ́ọ̀lù sí i, wàhálà àwọn alátakò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ẹnì kan kì í dá a dúró. Ní ọdún 1966, nígbà tí wọ́n kojú ẹgbẹ́ Lions ti Detroit, ó gba bọ́ọ̀lù kan, àwọn ará Detroit sì dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń já wọn dànù bí ẹni ń gbọn omi dànù lára, títí ó fi sá yáàdì 64 wọlé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló gba bọ́ọ̀lù wọlé lọ́dún náà, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì lé ní 50 yáàdì. Wọ́n ṣubú nínú Super Bowl ti oṣù kìíní ọdún 1969, Jets ti New York ló nà wọ́n ní 16 sí 7. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1971, ní Miami, Unitas ju bọ́ọ̀lù kan tí ó ta lọ́wọ́ Eddie Hinton. Adájọ́ pápá ní Mel Renfro ti ẹgbẹ́ Cowboys náà fi ọwọ́ kàn án, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Mackey. Ó sá a lọ, yáàdì 75 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn Cowboys fi ẹ̀hónú hàn, nítorí òfin ìgbà náà kò gbà kí bọ́ọ̀lù ti ara oníbọ́ọ̀lù kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì bí alátakò kò bá kàn án láàrin wọn. Adájọ́ kò yí ohùn padà. 16 sí 13 ni Colts fi borí.

Bí ìtàn Mackey bá parí síbẹ̀, ì bá ti jẹ́ ìtàn eré lásán. Ní ọdún 1970, nígbà tí líìgì méjì tó wà ní Amẹ́ríkà di ẹyọ kan, Mackey ni wọ́n yàn ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò jókòó sórí oyè náà lásán. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yanṣẹ́ lódì, kò pẹ́ tí wọ́n fi padà, ṣùgbọ́n wọ́n rí àfikún gbà sórí owó ìfẹ̀yìntì àti owó àwọn tó bá fara pa.

Èyí tó wúwo jù ni ẹjọ́. Òfin kan wà tí wọ́n fi orúkọ Pete Rozelle, olórí líìgì, pè. Ohun tí ó wí ni pé bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù kan bá tilẹ̀ ti parí, tí ó sì lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, ẹgbẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ san ohun tí yóò tẹ́ ẹgbẹ́ àtijọ́ lọ́rùn. Bí wọn kò bá sì gbọ́ ara wọn yé, Rozelle fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí wọn yóò san, ó sì lè mú agbábọ́ọ̀lù gidi lọ́wọ́ wọn fi dí i. Ta ni yóò gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ sílé? Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ tó bá san gbèsè tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti sin àdéhùn wọn tán, okùn ṣì wà lọ́rùn wọn. Ní ọdún 1972, Mackey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé líìgì lọ sílé ẹjọ́, orúkọ tirẹ̀ ló sì ṣíwájú nínú ìwé ẹjọ́. Ní òpin ọdún 1975, adájọ́ kan ní Minneapolis dájọ́ pé òfin náà kò bófin ìlú mu. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 1976. Mackey kò jẹ nínú rẹ̀: ó ti lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní San Diego ní 1972, ó sì di ọdún 1993 kí òmìnira àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gba òbítíbitì owó lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹni tó la ọ̀nà náà.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kò gbàgbé. Bọ́ọ̀lù 331 ni Mackey gbà láàrin ọdún mẹ́wàá, yáàdì 5,236, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógójì ló sì gbé e wọlé. Síbẹ̀, ó di ọdún 1992, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n lè dìbò fún un, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n tó gbà á wọ ilé àwọn akọni ní ìlú Canton. Kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé tìtorí ẹjọ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé òun ni. Colts ti kó kúrò ní Baltimore lóru ọjọ́ kan ní 1984 lọ sí Indianapolis. Níbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fi òrùka lé Mackey lọ́wọ́. Ó ní òun kò lọ, Baltimore ni òun ti ṣiṣẹ́. Baltimore náà ló ti gbà á.

Òrùka tí wọ́n ní kí ó bọ́ ní pápákọ̀ nìyẹn.

Àìsàn ọpọlọ ló kọlù ú, irú èyí tó ń ba ìwà jẹ́ kí ó tó kó ìrántí lọ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ jà fún, kò pé 2,500 dọ́là lóṣù, kò sì tó san owó ilé ìtọ́jú. Sylvia, tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ń gbé oúnjẹ fún èrò. Nígbà tí wọ́n béèrè owó àwọn tó fara pa, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé bọ́ọ̀lù ló fà á. Ìyá náà mú kálàmù. Ó kọ lẹ́tà sí Paul Tagliabue, olórí líìgì nígbà náà, ó sì ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí nílé. Ní ọdún 2007, líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù dá ètò kan sílẹ̀ tó ń san tó 88,000 dọ́là lọ́dún nígbà náà fún ìtọ́jú agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá mú. Wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀wù Mackey sọ ètò náà lórúkọ. Kì í ṣe ọkọ Sylvia nìkan ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn ìyàwó mìíràn tó ti ń dá ẹrù wọn gbé jáde wá.

Ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 2011 ni Mackey kú ní Baltimore, lẹ́ni ọdún 69. Àwọn ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda ọpọlọ rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Boston. Àwọn yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá CTE nínú rẹ̀, àrùn tí ó ń bá àwọn tí wọ́n ń kọlù lórí léraléra.